Nígbà tí Àyè Ọkọ̀ Bá Wọ́n: Fífi Oúnjẹ Ránṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ẹni tó wà ní London tó fẹ́ kí wọ́n gbé ìrẹsì, wàrà àti ẹyin wá sílé fún òun, orí fóònù ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Á yan ọjà, á yan ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa gbé e dé, á sanwó, ó parí. Ní Ọ̀wọ̀, orí fóònù náà la ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gáréèjì la ti ń parí ẹ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba á gbé àwòrán ọjà ẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹ ó dúnàádúrà níbẹ̀, ẹ ó fi owó ránṣẹ́ láti báńkì. Lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ á wá di ti awakọ̀: ta ló ń lọ sí Ìfọ̀n lónìí? Ṣé búùtù ẹ̀ ṣì gba ẹrù? Aago mélòó ni yóò gbéra?

Àyè ẹrù nínú ọkọ̀ yẹn gan-an là ń sọ nínú orí yìí. Ó lè jẹ́ ìdajì búùtù. Ó lè jẹ́ abẹ́ ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì, tàbí ẹ̀yìn ọ̀kadà kan ṣoṣo tó ń lọ sí Arímọ̀gìjà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń pín in. Ẹnu, ojú àánú àti ìwà la fi ń pín in, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nídìí ẹ̀.

Ìdí tí àyè fi wọ́n

Oríta ni Ọ̀wọ̀ wà. Ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ inú ìlú láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Ìkàrẹ́ gba àríwá jáde, ọ̀nà Ìfọ̀n sì forí lé Benin. Ẹrù tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ni wá lára; ìrìnàjò náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, ọkọ̀ sì ń lọ ó ń bọ̀. Ìhà ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ lọ̀rọ̀ ti ń le: Ìfọ̀n tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀, Ìmorù, Ìdó-Àní, Ìdògún, Ọ̀kẹ̀lúṣé, àti àwọn abúlé olóko tó fọ́n ká sáàárín wọn.

Owó epo wà lára ohun tó fà á. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó ₦200 ní lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbi tó ti kúrò mọ́. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá kún kò fẹ́ gbéra. Bó bá sì kún tán, èrò ló kọ́kọ́ ń wò kó tó kan ẹrù, nítorí èrò ló ń sanwó tó jọjú.

Èyí tó ṣòroó sọ ni ti ẹ̀rù tó wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 làwọn agbébọn pa Ọlúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka lójú ọ̀nà Ìfọ̀n, nígbà tí Kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Bí ọba kò bá rí ọ̀nà kọjá, kí ni ti ọlọ́kọ̀ akérò? Awakọ̀ tó ní làákàyè kì í fẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun lójú ọ̀nà yẹn. Wákàtí ọ̀sán nìkan ló wà fún gbogbo wa láti pín.

Èyí ló bí òfin tí mo fi ṣáájú gbogbo òfin tó kù: ẹ má fi owó ti awakọ̀ sínú ewu. Bó bá ní òun ò lọ mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ má fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un kó lè lọ. Ẹ má sì máa pè é ṣáá pé ìyà ń jẹ ìyá yín nílé. Gàrí tí kò dé lónìí á dé lọ́la.

Ohun tí ọdún 2020 àti 2023 fi hàn wá

Àwọn tó ní ẹ̀rọ pàápàá ti rí ìgbà tí àyè wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé kan, Ocado tó ń tajà oúnjẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Britain ní láti ti ìkànnì rẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan nítorí èrò tó ya bò ó. Tesco, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ní nǹkan bí 600,000 àyè tí wọ́n fi ń gbé ọjà délé fún oníbàárà lọ́sẹ̀ kan kí wàhálà tó dé. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ó ti mú un kọjá mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ kò kárí. Àwọn ènìyàn wa ní Peckham àti káàkiri London ń ṣàìsùn dòru bíi ti gbogbo ará ìlú, tí wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tí àyè tuntun máa yọ lójú fóònù. Ẹni tó bá rí i á tún ta ọ̀rẹ́ lólobó.

Ohun tí àwọn ilé ìtajà náà ṣe ló yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Tesco ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rà ju ohun 80 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkọ̀ kan lè gba ẹrù ilé púpọ̀ sí i. Sainsbury's fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù: wọ́n bẹ àwọn tí ara wọ́n le pé kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi àyè orí íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè wá. Kò sí òfin tó mú wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí oṣù Kẹfà fi parí. Ọkọ̀ tó kó oúnjẹ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn. Ọmọ tó wà l'Ékòó tí kò lè wálé wá ń wá ọkọ̀ tó gbé iṣu lọ tó ń padà bọ̀, kó lè fi oògùn àti ìrẹsì lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti bá awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé àpò ẹlòmíràn tí wọ́n tún ní kó bá àwọn gbé kọ́ ló ń dùn ún. Ẹni tó ní kó dúró de òun, tí kò wá yọjú, ló ń bí i nínú.

Ẹ tún rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun dọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn jí dé ẹnu ọ̀nà báńkì kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á mú bébà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó ní kó kọ ọ́, síbẹ̀ gbogbo èèyàn gbà á. Ibi tí bébà yẹn ti ń bàjẹ́ kì í ju ọ̀kan lọ: ẹnì kan á kọ orúkọ ara ẹ̀, á kọ ti ìyàwó, á kọ ti àbúrò tó ṣì ń sùn nílé, á tún kọ ti ọ̀gá tí kò ní wá rárá. Tí wọ́n bá wá pe orúkọ mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ìjà dé nìyẹn.

Bí a ṣe ń bèèrè

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ mọ ohun tó fẹ́ gbé, ibi tó ń lọ, àti ẹni tí yóò gbà á, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń wakọ̀, ó ń pe èrò, agbèrò ń pariwo sí i létí; kò ráyè ìbéèrè mẹ́wàá. Irú iṣẹ́ tí mo fara mọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àpò gàrí kan àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà márùn-ún ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìdó-Àní lọ́la. Mo máa gbé e dé gáréèjì kí aago mẹ́jọ tó lù. Àbúrò mi máa dúró de yín lọ́hùn-ún, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ṣé àyè wà? Bí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè wá ibòmíràn."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ó fún un láyè láti sọ pé rárá láìtijú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó jẹ́ ọmọlúàbí kì í lè kọ̀ fún ẹni tó bá kí i dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Á ní "ẹ gbé e wá," á sì wá máa wá ibi tí yóò fi í sí nígbà tí búùtù ti kún. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà ìkọ̀ fún un.

Ohun tí kò dáa ni kí ẹ kọ "báwo ni" ránṣẹ́ kí ẹ wá dákẹ́. Èyí tó burú jù ú lọ ni "ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀, mo ń bọ̀," láìsọ ohun tí ẹ ń gbé bọ̀. Àpò ìrẹsì kan ni àbí mẹ́rin? Adìyẹ ààyè ni àbí adìyẹ yìnyín? Awakọ̀ tí wọ́n bá ti fi irú èyí ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní gbé ìpè yín mọ́.

Ní àwọn abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp nìkan. Ẹ fi tẹ́ẹ̀sì lásán ránṣẹ́, nítorí ó máa ń wọlé níbi tí dátà kò ti ṣiṣẹ́.

Àyè tí a dì mú tí a kò lò

Ìpalára tí ẹni tó dé ṣáájú ń ṣe kò tó ti ẹni tó di àyè mú tí kò lò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n á ní owó àwọn làwọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe ń lọ. Ẹnì kan pe awakọ̀ mẹ́ta lálẹ́, ó ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá òun fi ibi àpò méjì sílẹ̀, kó lè yan ẹni tó bá kọ́kọ́ gbéra. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹrù fún ẹni àkọ́kọ́, kò sì pe àwọn méjì yòókù. Ọ̀kan nínú wọn ti sọ fún opó kan tó fẹ́ fi ẹja ránṣẹ́ pé kò sáyè. Ọkọ̀ yẹn wá gbéra pẹ̀lú ibi àpò méjì tó ṣófo, ẹja opó náà sì ń rọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó purọ́, síbẹ̀ ohun ẹlẹ́ni ti bàjẹ́.

Nítorí náà, awakọ̀ kan ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kejì pé, "mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ sí i, mo máa pè yín kí aago méje tó lù." Ìyẹn kì í ṣe dídi àyè mú, torí ó ṣì lómìnira láti fún ẹlòmíràn.

Bí ètò bá sì yí padà, ẹ pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìpè àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò kò wúlò fún un, ó ti lé àwọn yòókù lọ. Ẹ má fi tẹ́ẹ̀sì ṣe èyí o, ẹ pè é. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti di ẹrù yín kí ẹ tó yí ọkàn padà, ẹ fún un ní nǹkan. Kò pọn dandan kó jẹ́ gbogbo owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kò yẹ kó padà lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà dín ìfúnpọ̀ kù ni kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa ẹrù wọn pọ̀. Àwọn tó wá láti ìlú kan náà ní Ọ̀sẹ́, tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀wọ̀, tàbí tí wọ́n jọ wà ní Rufus Giwa Polytechnic, lè yan ẹnì kan tí yóò máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpò ńlá kan ni wọn á kó gbogbo rẹ̀ sí, wọn á sì kọ orúkọ ilé sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í bínú, tí kì í sì í yá nínú owó ọkọ̀.

Ta ló yẹ kó ṣáájú?

Oògùn ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oúnjẹ aláìsàn, pàápàá ti àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé tí ènìyàn wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tó lè bàjẹ́: ẹja tútù, tòmátì, ata rodo. Gàrí, èlùbọ́ àti iṣu lè sùn. Bí ẹ bá dé gáréèjì pẹ̀lú àpò èlùbọ́, tí ẹ rí ìyá àgbà kan tó gbé agbọ̀n tòmátì dání tí wọ́n ń sọ fún un pé ọkọ̀ ti kún, ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ níbí yìí ó dọwọ́ àwa ọmọ tó lókun láti tún ti àgbà ṣe.

Ẹrù òde àríyá ló kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹrù àwọn olóde àríyá ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, nítorí àwọn ló ń pariwo owó jù. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìsìnkú tó nílò kúlà mẹ́fà àti àpò ìrẹsì mẹ́wàá, kó háyà ọkọ̀ tirẹ̀. Kò yẹ kó gba bọ́ọ̀sì tí gbogbo ìlú ń retí.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀, tí ara ẹ̀ sì dá, tó tún ń bọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó wá ra ọjà ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ọmọ tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ láti òkèèrè

Àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, Abuja tàbí ìlú òyìnbó ló ń ná owó jù nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wọ́n á sanwó fún ọlọ́jà, wọ́n á sanwó fún awakọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ fún ìyá tó wà ní Ìmorù. Ọkọ̀ á dé, Màmá á ti lọ sóko. Awakọ̀ á dúró, èrò á máa kùn, yóò wá gbé ẹrù náà padà sí Ọ̀wọ̀ tàbí kó jù ú sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà nítòsí. Ìyá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ má ṣe yan ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìjọsìn fún un. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ẹ wá ọmọ àdúgbò tí yóò lọ sí gáréèjì dípò rẹ̀, kí ẹ sì fún ọmọ náà ní owó omi.

Ẹ kìlọ̀ fún awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà pé kó má pàṣẹ fún Màmá lórí fóònù. "Màmá, ẹ kú ilé o, ẹrù tí ọmọ yín ní kí n gbé wá ti dé" ti tó. Ẹni tí kò bá lè sọ èyí kò yẹ lẹ́ni tí a ń rán sí àgbà.

Owó, ìdìpọ̀ àti ọ̀nà

Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó agbèrò wà nínú rẹ̀. "Mo ti fi ránṣẹ́" kì í ṣe owó. Ẹ dúró kí àlẹ́ẹ̀tì wọlé sí fóònù awakọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi àlẹ́ẹ̀tì èké jẹun ti sọ gbogbo wa di afurasí.

Ẹ fi mákà kọ orúkọ, ìlú àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á sára àpò, lójú méjèèjì. Ẹ dé kẹ́ẹ̀gì epo pa, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó lórí. Kẹrosíìnì àti gàrí kò gbọdọ̀ jọ wọ àpò kan. Gàrí tó bá ti fa òórùn kẹrosíìnì ti di ti ààtàn. Àwọn kan ṣì ń ri owó mọ́ inú gàrí láìsọ fún awakọ̀. Tó bá sọnù, ta lẹ máa bi? Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, kí gàrí máa jẹ́ gàrí.

Ẹ má sì fi ohun tí a dì pa tí awakọ̀ kò mọ inú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọlọ́pàá, sójà àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lè ní kó tú ẹrù wò lójú ọ̀nà, òun ni yóò sì dáhùn.

Ìgógó àti ìparí ọdún

Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Ìgógó máa ń bọ́ sí ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àlejò á ti ibi gbogbo wọlé, ọkọ̀ á kún. Ẹ tètè fi ẹrù yín ránṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń rán ọlọ́kadà tàbí awakọ̀ tí kì í ṣe ará ibẹ̀ wọ ìlú lásìkò yẹn, ẹ sọ fún un pé a kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í sì í lu ìlù nígbà Ìgógó. Agogo ni wọ́n ń lù. Ẹni tí ẹ kò kìlọ̀ fún tó sì kó sí wàhálà, ẹ̀yin lẹ rán an.

Ìparí oṣù Kejìlá le jù ú lọ. Láti nǹkan bí ọjọ́ 18, gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ń bọ̀ wálé, àwọn fúnra wọn sì ni ẹrù tó kún ọkọ̀. Ìrẹsì àti epo Kérésì yẹ kó ti délé kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹni tó bá sì pẹ́, kó mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti gòkè, kó má bá awakọ̀ jà lórí rẹ̀.

Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí bá ní àyè lọ́la tí kò wúlò fún un mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe awakọ̀ náà kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí.